Oúnjẹ Ẹni Tó Ń Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Dáná n'Ìbàdàn

Kété tí ẹbí bá ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni dókítà rí lára màmá, àwọn àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, oníkálukú á sì mú èèwọ̀ tirẹ̀ dání. Èyí á ní kí màmá má jẹ ẹran mọ́. Òmíràn á ní ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ. Ẹ̀kẹta á ní mílíìkì, ẹyin, epo pupa àti ìrẹsì kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn. Bí ẹ bá kó gbogbo èèwọ̀ wọ̀nyí jọ, omi àti ewé nìkan ló máa ṣẹ́ kù nínú abọ́. Kó tó pé oṣù méjì, ìró á ti máa yọ̀ bọ́ nídìí màmá, àwọn àlejò kan náà á sì máa mirí pé àìsàn yìí mà ń jẹ wọ́n o. Nígbà mìíràn, ebi ni.

Ẹni tó ń dáná ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí: ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí àbúrò tó ń bá aláìsàn lọ sí UCH ní Òrìtamẹ́fà tàbí ilé ìwòsàn mìíràn, tó sì gbọ́dọ̀ gbé nǹkan síwájú rẹ̀ tí wọ́n bá délé. Kò sí oúnjẹ tó ń wo jẹjẹrẹ sàn. Iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán (tí wọ́n ń pè ní radiotherapy) àti oògùn, pàápàá èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní kẹ́mò, ló ń bá jẹjẹrẹ jà. Iṣẹ́ oúnjẹ ni pé kí ara lè dúró gba ìtọ́jú yẹn dé òpin, kí wọ́n má baà dá a dúró lágbedeméjì nítorí àárẹ̀. Torí náà, ẹ má wulẹ̀ máa wá oúnjẹ jẹjẹrẹ kiri. Oúnjẹ tí aláìsàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni, àmọ́ ẹ ó ki agbára bọ̀ ọ́, ẹ ó sì mọ àsìkò tí ẹ máa gbé e kalẹ̀.

1. Sìkélì ṣáájú ìkòkò

Kí ẹ tó ro ohun tí ẹ máa sè, ẹ mọ iye kílò tí aláìsàn jẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó fi nǹkan kan ẹnu, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lórí sìkélì kan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì. Bí kò bá sí sìkélì nílé, ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tàbí ibùdó ìlera àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́ nìyí. Ìwọ̀n ara wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò iye kẹ́mò tí wọ́n máa fún èèyàn. Ẹni tí wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú orí tàbí ọ̀fun rẹ̀, wọ́n sábà máa ń ṣe ìbòjú kan fún un tó bá ojú rẹ̀ mu rẹ́gí, kó má baà mira lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ìtànṣán lè máa bọ́ síbi kan náà lójoojúmọ́. Bí ojú bá rù, ìbòjú náà á dẹ̀, wọ́n sì lè ní láti tún ètò náà ṣe.

Ẹni tó jẹ́ kílò 60, tó wá dín sí 57 láàárín oṣù díẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ fọn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀ ló ti lọ yẹn. Ẹ sọ fún dókítà. Bó bá dé 54, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀ ló ṣòro láti fura sí jù, torí àwọn èèyàn á máa kí i kú oríire pé ara rẹ̀ ti fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣan ló ń yọ́ lọ lábẹ́ ọ̀rá. Sìkélì pàápàá máa ń parọ́: bí ẹsẹ̀ tàbí ikùn bá wú, omi ló ń wọ̀n. Ẹ máa wo apá àti ẹ̀bátí rẹ̀ pẹ̀lú.

2. Ohun tí ẹ máa bi dókítà kí wọ́n tó fa oògùn àkọ́kọ́

Ẹ béèrè orúkọ oògùn náà àti ohun tó sábà máa ń ṣe sí ẹnu àti inú, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ń gba oxaliplatin, tó jẹ́ irú kẹ́mò kan, nǹkan tútù lè máa gún un lọ́wọ́ àti lọ́fun fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ìmọ̀ràn oúnjẹ tútù tí mo máa mú wá nísàlẹ̀ kò kàn án. Dexamethasone àti prednisolone, àwọn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n sábà máa ń fún wọn pẹ̀lú kẹ́mò, lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú. Ẹni tí ìtànṣán máa kan ẹnu tàbí ọ̀fun rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà eyín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, iye purotéènì (ohun inú oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan) tí mo fẹ́ kọ yìí kì í ṣe tirẹ̀ rárá, ohun tí dókítà rẹ̀ bá sọ ni kó tẹ̀ lé.

Kí ẹ tó jáde, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dayatíṣíàn, ìyẹn onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn. Wọ́n wà ní UCH. Èrò máa ń pọ̀ ní kílíníìkì, ẹni tí kò bá béèrè lè lọ kó sì bọ̀ láì mọ̀ pé irú wọn wà.

3. Abọ́ kékeré, agbára púpọ̀

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, mo sì máa pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ sábà máa ń fojú sùn ni kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 25 sí 30 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, àti gírámù purotéènì 1 sí 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó jẹ́ kílò 60, ìyẹn jẹ́ kálórì 1,500 sí 1,800, àti purotéènì gírámù 60 sí 90. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sínú abọ́. Ẹyin kan ní purotéènì bíi gírámù 6. Ẹja tàbí adìẹ tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ní bíi 20. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. Ẹyin méjì láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, ègé adìẹ kan pẹ̀lú rẹ̀, ègé ẹja kan lálẹ́: ó ti lé ní 60 nìyẹn.

Ẹ wá wo abọ́ wa. Àwa ará Ìbàdàn mọ àmàlà jẹ, àmọ́ èlùbọ́ iṣu kò ní purotéènì tó nǹkan. Aláìsàn tó jẹ àmàlà dúdú bọ̀lọ̀jọ̀ kan pẹ̀lú ẹran bíńtín yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí iṣan nílò kò dé inú rẹ̀. Ẹ yí i padà: kí àmàlà kéré, kí gbẹ̀gìrì kún, kí ẹja tàbí ẹran tẹ̀ lé e. Gbẹ̀gìrì ẹ̀wà ni, àǹfààní ńlá ni pé ó ti wà nínú àbùlà látọjọ́ aláyé ti dáyé, ẹ kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó jẹ ẹ́. Ewédú ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí òkèlè yọ̀ kọjá nígbà tí ọ̀fun bá ń dunni. Ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ẹlòmíràn kò ní dùn, àmọ́ pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran nínú ìṣírò yìí. Awọ ni, purotéènì inú rẹ̀ kò pé. Omi ẹran náà kò dípò ẹran. Kí aláìsàn mu ún kí ẹnu rẹ̀ lè dùn, ṣùgbọ́n kó jẹ ẹran náà.

Ògì ni wọ́n sábà máa ń gbé fún aláìsàn n'ílẹ̀ wa, ògì lásán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi. Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé:

Ẹ po ògì bí ìṣe yín, ṣùgbọ́n ẹ lu ẹyin kan mọ́ ọn nígbà tó ṣì tutù. Ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró kí ẹyin má baà ṣù, ẹ sì jẹ́ kó hó dáadáa. Ẹyin tí kò jinná kò dára fún un. Bí ẹ bá ní ìyẹ̀fun sóyà, ẹ po ṣíbí ńlá kan mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìgbà tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí sóyà tí kò jinná máa ń da inú rú. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ ọ́, ẹ fi mílíìkì lúbúlúbú ṣíbí ńlá méjì tó kún àti ẹ̀pà yíyan lílọ̀ ṣíbí kan sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Abọ́ náà kò tóbi sí i, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá.

Mọ́ínmọ́ín ni mo máa fi ṣe ìkejì. Ó rọ̀, kò ní egungun, wọ́n lè jẹ ẹ́ ní tútù, ó ṣeé gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń pè é ní mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje kò mọ̀ pé oúnjẹ aláìsàn jẹjẹrẹ ni wọ́n ń ṣàpèjúwe: ẹyin, ẹja, edé, ẹran lílọ̀, epo, gbogbo rẹ̀ nínú ewé kan. Ẹ dín ata kù. Ẹ má bù ú tóbi, kí ẹni tí oúnjẹ ń bà lẹ́rù lè jẹ ọ̀kan tán. Jíjẹ oúnjẹ tán máa ń fúnni nígboyà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe máa bá gbogbo ọbẹ̀ lò. Ṣíbí ńlá epo kan ní kálórì tó tó 120, ẹ sì lè ro ó mọ́ àsáró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fọ́ ẹyin tàbí ẹja sínú ìrẹsì rírọ̀. Ẹ lọ edé sínú ẹ̀fọ́. Ẹ fi ẹ̀gúsí kún ẹ̀fọ́ rírò. Àwọn ohun mímu olówó gọbọi tó wà nínú agolo dára fún ẹni tó bá lówó rẹ̀, àmọ́ ẹja ṣáwá, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ọjà Bódìjà lè gbé èèyàn débi tó fẹ́ lọ.

Ohun méjì kékeré tó ń da oúnjẹ rú. Àkọ́kọ́, omi mímu kí oúnjẹ tó délẹ̀ máa ń kún inú: ẹ jẹ́ kó jẹun ná, kó wá mumi ní nǹkan bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì, abọ́ ńlá. Ẹni tó ń gba kẹ́mò tó bá rí òkìtì àmàlà, ìrísí rẹ̀ nìkan á ti mú un yó. Ẹ lo àwo kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, dípò àwo ńlá mẹ́ta.

Ẹ má fi tipá bọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú èèyàn jókòó ti aláìsàn pé "ó ku òkèlè kan péré", àmọ́ ìjà orí oúnjẹ máa ń mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ìgbà oúnjẹ. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún gbé òmíràn wá lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀.

4. Ẹ bá kàlẹ́ńdà kẹ́mò rìn

Ọ̀pọ̀ kẹ́mò ni wọ́n ń fà lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ 21. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èébì àti àárẹ̀ máa ń le láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Láti bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà máa ń lọ sílẹ̀ jù, ẹnu sì lè bó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, oúnjẹ á tún máa wù ú.

Ẹ máa fi èyí ṣètò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìgbà láti retí pé kó jẹ gírámù 90. Ògì alágbára àti nǹkan tó lè mu ni ẹ máa sáré lé. Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti ìmọ́tótó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kó jẹun padà, kó jẹ àbùlà, kó jẹ adìẹ, kó gba ohun tó sọnù padà kí wọ́n tó tún fa òmíràn. Ìdílé púpọ̀ máa ń náwó oúnjẹ sí ọ̀sẹ̀ tí aláìsàn kò lè jẹun, owó á wá tán ní ọ̀sẹ̀ tó lè jẹ ẹ́.

Ti ìtànṣán kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ ojoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wàhálà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ó sì máa ń tẹ̀ síwájú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ má dá oúnjẹ rírọ̀ dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó parí.

5. Bí ara bá kọ oúnjẹ

Èébì. Oògùn tí dókítà kọ fún èébì kì í ṣe ohun tí a ń dúró kí èébì dé ká tó lò. Bí wọ́n ṣe ní kó lò ó ni kó lò ó, kódà bí kò bá ṣe é. Òórùn ló máa ń dá èébì sílẹ̀ jù, torí náà ọjọ́ kẹ́mò kọ́ ni ẹ máa din ata tàbí kí ẹ máa se irú lẹ́bàá yàrá rẹ̀. Ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ tí ilé ìdáná bá jọ kan. Oúnjẹ tó ti tutù kì í rùn tó èyí tó ń yọ èéfín: mọ́ínmọ́ín àárọ̀ yẹn tó ti wà nínú fìríìjì, ẹ̀kọ tútù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Bísíkíìtì gbígbẹ tàbí búrẹ́dì yíyan kí ó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì máa ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni omi atalẹ̀ tí kò le. Kó jókòó fún bí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, kó má sùn sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí, àwọn èèyàn kì í sọ ọ́: ẹ má gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn jù fún un lọ́jọ́ tí èébì ń gbé e. Ara máa ń so oúnjẹ tó bì mọ́ àìsàn, ó sì lè pẹ́ kí ó tó tún lè jẹ ẹ́. Bó bá fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́, ẹ fi pamọ́ di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹnu bíbó. Níbí ni ata ti máa di ọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń jẹ ata rodo láti kékeré kì í gbà pé ọbẹ̀ tí kò ta jẹ́ ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tó ní egbò kò lè gba ata, tòmátò, ọsàn tàbí nǹkan gbígbóná. Gbẹ̀gìrì láìsí ata, ewédú pẹ̀lú ẹja fífọ́, ẹ̀gúsí rírọ̀, ògì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́: ẹ dúró sórí àwọn wọ̀nyí títí egbò á fi san. Ẹ se omi lítà kan, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan àti baking soda ṣíbí tíì kan sí i (kì í ṣe káún o), kó máa fi yọ ẹnu kó sì tu ú dànù, lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ àti kó tó sùn. Kó gbé orín tì ná, kó lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Oògùn ẹnu tó ní ọtí nínú máa ń ta egbò. Bí kò bá lè gbé omi pàápàá mì, ilé ìwòsàn yá.

Ẹnu kíkorò. Àwọn kan á ní gbogbo nǹkan ń tọ́ irin lẹ́nu wọn, pàápàá ẹran màlúù. Ẹ gbé ṣíbí irin kúrò, ẹ fún un ní ti ike. Ẹ fi ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà rọ́pò ẹran. Bí kò bá sí egbò lẹ́nu, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sórí ẹja.

Ìgbẹ́ gbuuru máa ń bá ẹni tó ń gba ìtànṣán ní abẹ́ ikùn, bíi ti ẹnu ilé ọmọ, àti àwọn tó ń lo kẹ́mò oníhóró bíi capecitabine. Ohun tó ń pani nínú rẹ̀ ni omi tó ń lọ. Omi ORS inú ọ̀rá ló dára jù. Bí kò bá sí, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí ẹ fọwọ́ gbá orí rẹ̀ tẹ́jú àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì nínú omi lítà kan tó mọ́. Pure water méjì tó jẹ́ 50cl kọ̀ọ̀kan ló ń di lítà kan. Ẹ má ṣe kọjá ìwọ̀n iyọ̀ náà. Ẹ dá mílíìkì, epo púpọ̀ àti ata dúró ná. Ìrẹsì, ògì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni kó máa jẹ. Bó bá fi ẹ̀ẹ̀mẹrin ju bó ṣe ń yàgbẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ lóòjọ́, tàbí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, tàbí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àìrígbẹ́yà: mọfíìnì (oògùn ìrora) àti àwọn oògùn èébì kan ló ń fà á. Omi, ìbẹ́pẹ, ewédú, rírìn díẹ̀, kí ẹ sì béèrè oògùn lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má fi nǹkan sí i nídìí, ẹ má sì fún un ní àgbo ìyàgbẹ́.

6. Ìmọ́tótó, àti ọ̀rọ̀ ibà

Bí ẹ̀jẹ̀ funfun bá lọ sílẹ̀, kòkòrò kékeré tí kò lè ṣe ẹ̀yin ní nǹkan kan lè dá aláìsàn dùbúlẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí tẹmọ́mítà, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. N'Ìbàdàn wa yìí, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni "ibà lásán ni", wọ́n á lo oògùn ibà, wọ́n á mu àgbo, wọ́n á dúró di ọ̀la. Ẹni tó ń gba kẹ́mò kò ní ọ̀la láti fi dúró. Kí ẹ dé ibẹ̀, kí ẹ sì sọ lẹ́nu ọ̀nà pé kẹ́mò ló ń gbà àti ọjọ́ tí wọ́n fà á kẹ́yìn.

Ní ti oúnjẹ, iná mànàmáná ni ọ̀tá wa. Fìríìjì tí iná ti lọ níbẹ̀ láti àná kì í ṣe fìríìjì mọ́, kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ẹ se díẹ̀, kó jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ tó ti jinná kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbé kaná láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọn tó kù nínú ilé máa jẹ ẹ́. Ẹ se omi mímu kó hó, àti ti kànga àti ti bohóòlù.

Lọ́jà, ẹ ra èso odidi, kí ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, kí ẹ sì bó o nílé. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá, sóbò inú ike tí ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, sálátì ojú ọ̀nà, súyà, wàrà tí wọn kò sè: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ìtọ́jú á fi parí. Ẹ̀pà àti èlùbọ́ tó bá bu, ẹ má ṣà á, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ dà á nù. Májèlé tó ń ti ibẹ̀ wá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn máa ń torí ìmọ́tótó ka gbogbo èso léèwọ̀. Kò pọn dandan. Èyí tí ẹ fọ̀ dáadáa, tí ẹ sì bó fúnra yín, kó jẹ ẹ́.

7. Ṣúgà, àgbo, ààwẹ̀

Àwọn mẹ́ta yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín ẹbí.

Lóòótọ́ ni jẹjẹrẹ ń lo ṣúgà. Ọpọlọ, ọkàn àti iṣan náà ń lò ó. Àmàlà pàápàá ṣúgà ló máa ń dà tó bá dénú, bí èèyàn bá sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ara á yọ́ iṣan láti fi ṣe ṣúgà tirẹ̀. Nítorí náà, ebi kò lè pa jẹjẹrẹ kó tó pa ẹni tó ni ara. Kò túmọ̀ sí pé kó máa mu mínírà lójoojúmọ́. Kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀. Àmọ́ ṣíbí ṣúgà nínú ògì kì í ṣe májèlé. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Ní ti àgbo, n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ewé kò lágbára. Vincristine tí wọ́n ń fà fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ara ewéko ni wọ́n ti yọ ọ́. Agbára yẹn gan-an ni ìdí tí kò fi yẹ ká dà á pọ̀ mọ́ kẹ́mò: ẹnikẹ́ni kò wọn ohun tó wà nínú ìgò àgbo, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́mò náà ló máa gba tàgbo. Ewúro nínú ọbẹ̀ kò burú. Omi ewúro kíkan ife kan láràárọ̀, ewé ṣàwáṣọ́ọ̀pù sísè, oògùn oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bó bá ti ń lò ó, ẹ má purọ́ fún dókítà. Ẹ gbé ìgò náà dání.

Ààwẹ̀ ṣòroó sọ ju méjèèjì lọ, torí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Fún Mùsùlùmí, Kùránì fúnra rẹ̀ nínú Súúrà Bákárà yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì. Fún Kristẹni tí wòlíì ní kó gbààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ẹbí bá a gbà á, kí òun gbàdúrà, kó sì jẹun. Mo ti rí i pé tí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún pásítọ̀ tàbí àáfà, wọ́n sábà máa ń gbà.

8. Bí kò bá lè gbé mì mọ́

Bó bá ń húkọ́ nígbàkígbà tó bá mumi, tàbí oúnjẹ ń há a lọ́fun, tàbí ó ti fún ọjọ́ mélòó kan tí kò jẹ tó ìdajì bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, dókítà lè sọ̀rọ̀ ọ̀pá oúnjẹ tí wọ́n ń tinú imú tàbí ikùn kọjá. Ìdílé púpọ̀ máa ń sá fún un, wọ́n á ní ó ti di ìkẹyìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ìtànṣán bó lọ́fun, ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n á yọ ọ́ tí ọ̀fun bá san. Àwọn nọ́ọ̀sì á kọ́ yín bí ẹ ṣe máa lọ oúnjẹ, bí ẹ ṣe máa sẹ́ ẹ, àti bí ẹ ṣe máa fi omi fọ ọ̀pá náà. Kó jókòó tàbí kí orí rẹ̀ ga dáadáa nígbà tí oúnjẹ ń wọlé.

Àwọn tó wà lórí oògùn tó ń dá họ́mọ̀nù dúró, bíi tamoxifen fún jẹjẹrẹ ọmú, ìdàkejì lè ṣẹlẹ̀ sí wọn: wọ́n lè máa sanra. Wọn kò nílò epo àlékún àti ṣúgà. Purotéènì, ẹ̀fọ́ àti rírìn ló yẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí dókítà bá ní ìtọ́jú ti dáwọ́ dúró, tó sì jẹ́ ìrọ̀rùn ni wọ́n ń wá báyìí, ẹ gbàgbé kálórì àti gírámù. Kó jẹ ohun tó wù ú, nígbà tó wù ú.

9. Ọjọ́ kílíníìkì

Ẹni tó ń bọ̀ láti Mọníyà tàbí Ẹgbẹ́dá máa ń jáde nílé ní ìdájí, ó sì lè di ọ̀sán kó tó kàn án. Oúnjẹ tí wọ́n ń dín lẹ́nu ọ̀nà máa ń rùn, kì í sì í bá aláìsàn lára mu. Ẹ gbé fíláàsìkì ògì alágbára, mọ́ínmọ́ín tó ti inú ìkòkò jáde láàárọ̀ náà, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, omi, ṣíbí ike, ọ̀rá fún èébì. Mọ́ínmọ́ín àti ẹyin náà, kó tètè jẹ wọ́n kí wákàtí méjì tó kọjá. Bí wọ́n bá ní kó gbààwẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀ náà kó lè tètè jẹun.

Ẹ mú ìwé ìwọ̀n ara náà dání, kí ẹ sì kọ ohun mẹ́ta sí ojú ewé tuntun kí ẹ tó wọlé: iye kílò ọ̀sẹ̀ yìí, ohun tó le jù nínú jíjẹ àti mímu láti ìgbà tí ẹ wá kẹ́yìn, àti gbogbo oògùn tàbí àgbo tó lò. Bí dókítà bá ti kọ oògùn èébì tán, ẹ rà á kí ẹ tó kúrò ní ìgboro, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì nígbà tí èébì ti bẹ̀rẹ̀.